Rédíétọ̀ Kún Dé Ẹnu, Òǹgbẹ Ń Gbẹ Ẹ́ńjìnì

Ọ̀rọ̀ nípa bí a ti í kọ́ ọmọ ní ìṣirò nílé ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n tì í sẹ́yìn. Ohun tí ojú mi rí lójú ọ̀nà Ìkòròdú kò jẹ́ kí n lè sọ ọ̀rọ̀ mìíràn títí n ó fi sọ ọ́ tán. Mo sì mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín ló ní ọkọ̀, àwọn tí kò sì ní, ọkọ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n ń wọ̀.

Owódé Onírin ni mò ń gbé, ibẹ̀ náà ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́. Ẹni tó bá mọ àdúgbò wa yóò jẹ́rìí pé orúkọ rẹ̀ kò purọ́ mọ́ ọn. Irin ni a fi ń jí, irin ni a fi ń sùn. Láti etí títì wọ inú ọjà lọ, ẹ́ńjìnì tòkunbọ̀ ni ẹ ó rí tí wọ́n tò lé ara wọn bí iṣu lórí àtẹ, gíábọ́ọ̀sì níhìn-ín, ilẹ̀kùn ọkọ̀ lọ́hùn-ún, rédíétọ̀ tí wọ́n gbé kọ́ bí aṣọ tí a sá. Bí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìlọ́po ní kíláàsì, ìró òòlù ni ó ń bá wa gbè é. Ẹni tó ń gbé irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, ó yẹ kó jẹ́ òun ni yóò kẹ́yìn nínú àwọn tí ọkọ̀ yóò fi ìyà jẹ. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí fún mi.

Toyota Corolla kan ni mo ní. Owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwa olùkọ́ ni mo yá tí mo fi rà á, oṣù mẹ́sàn-án ló sì kù tí n ó fi san án tán. Rédíétọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí jò. Mo lọ sínú ọjà, mo ra rédíétọ̀ mìíràn, mo ra họ́ọ̀sì méjèèjì, òkè àti ìsàlẹ̀, mo sì ra pọ́ọ̀mpù omi, nítorí èyí tó wà níbẹ̀ ti ń sunkún. Mo ní bí mo bá ti ṣe é, kí n ṣe é tán. Ọ̀dọ́mọkùnrin mẹkáníìkì kan bá mi tò ó, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́. Nígbà tó parí, ó da omi àti kúláǹtì sí i títí ó fi kún dé ẹnu, ó sì pè mí.

“Ẹ wá wò ó, sà. Ó kún dé ẹnu.”

Mo wò ó, ó kún lóòótọ́. Mo san owó rẹ̀, mo sì tún ṣàdúrà fún un lé e.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e ni a ń lọ síbi ìsọmọlórúkọ ọmọ ẹlẹgbẹ́ wa kan ní Ìkòròdú. Èmi ni mo wakọ̀, àwọn olùkọ́ obìnrin mẹ́ta sì jókòó pẹ̀lú mi. Gbogbo ọ̀nà ni mo ń wo géèjì, nítorí n kò fẹ́ kí ojú tì mí lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Ọwọ́ géèjì wà nílẹ̀ pátápátá, ó tilẹ̀ rẹlẹ̀ ju bó ti máa ń wà tẹ́lẹ̀ lọ. Inú mi dùn. Mo ń sọ fún wọn pé rédíétọ̀ tuntun yìí mà ń tu ẹ́ńjìnì lára o. A kọjá Ìràwọ̀, a ń sún mọ́ Májídùn, ni òórùn kan bẹ̀rẹ̀ sí wọlé, ó dà bí òórùn ṣúgà tó ń jóná nínú ìkòkò. Kí n tó wí pé kí lèyí, ọwọ́ géèjì fò láti ìsàlẹ̀ lọ sí òkè, èéfín sì bo bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo yà sí ẹ̀gbẹ́ títì.

Àwọn èèyàn yí wa ká, bí ìṣe wa ní Èkó. Ọmọkùnrin kan tí àánú wa ṣe ti fi àkísà di ìdérí rédíétọ̀ mú, ó fẹ́ yí i, nígbà tí ohùn kan ké láti ẹ̀yìn pé, “Má ṣí i! Má ṣí i, ọmọ mi!” Bàbá àgbàlagbà kan ni, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ọmọ náà sẹ́yìn. Ó ní òun wa 504 fún ogún ọdún, òun sì mọ ẹni tí omi rédíétọ̀ bó lójú.

Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí èyí díẹ̀, nítorí pé ẹ̀mí wà nínú rẹ̀. Omi tí a gbé kaná nínú ìkòkò nílé wa ní Èkó máa ń hó ní 100 lórí ìwọ̀n Celsius. Ṣùgbọ́n ìdérí rédíétọ̀ kì í ṣe ìdérí lásán. Sípíríìgì wà nínú rẹ̀ tó ń tẹ omi náà mọ́lẹ̀, títẹ̀ yìí ni kì í jẹ́ kí ó tètè hó. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, omi lásán lè gbóná dé nǹkan bí 120 lábẹ́ ìdérí yìí kí ó tó hó, bí kúláǹtì bá sì wà nínú rẹ̀, ó tún lè kọjá bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ́jú tí ẹ bá ṣí ìdérí náà, títẹ̀ ti kúrò nìyẹn. Omi tó gbóná ju omi híhó lọ yóò di oruku lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, yóò sì fò sókè sí ojú ẹni tó ṣí i. Àkísà kò lè gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ pa ẹ́ńjìnì, kí ẹ fi í sílẹ̀ títí ẹ ó fi lè gbé àtẹ́lẹwọ́ lé họ́ọ̀sì òkè láìsí pé ẹ fa ọwọ́ yín padà. Kì í ṣe ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ̀yin ará.

Bí a ti ń retí kí ó tutù, bàbá náà bi mí léèrè pé, “Tíṣà, iṣẹ́ wo ni wọ́n ṣe sí i?” Mo sọ fún un. Ó ní, “Ìgbà wo lẹ wo omi rẹ̀ kẹ́yìn?” Mo ní lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é ni, pé wọ́n kún un dé ẹnu. Bàbá rẹ́rìn-ín.

“Ẹnu ni wọ́n kún, tíṣà. Wọn kò kún ikùn.”

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí wọra, nítorí èmi ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ pé ibi tí afẹ́fẹ́ bá wà, omi kò lè wọ ibẹ̀ àfi bí afẹ́fẹ́ bá rí ọ̀nà jáde. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá ti tẹ kèrègbè bọ odò rí mọ̀ pé kì í kún lẹ́ẹ̀kan náà. Yóò kọ́kọ́ máa sọ pé bùlù, bùlù, afẹ́fẹ́ ń jáde, omi ń wọlé. Bí ẹ bá sì rọ epo pupa sínú ìgò pẹ̀lú àrọ tó dí ẹnu ìgò pa, epo yóò dúró sínú àrọ, ìgò yóò sì ṣófo nísàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọkọ̀ rí nígbà tí a bá ti tú gbogbo omi rẹ̀ dànù tí a sì tún un tò.

Inú ẹ́ńjìnì kún fún ihò àti kọ̀rọ̀. Họ́ọ̀sì ga níbì kan, ó rẹlẹ̀ níbòmíràn. Hítà wà nínú dáṣíbọ́ọ̀dù, èyí tí àwa nílẹ̀ olóoru kì í tàn láyé wa, omi sì gbọ́dọ̀ dé inú rẹ̀. Paríparí rẹ̀ ni tẹmósítáàtì, ilẹ̀kùn kékeré tó wà láàárín ẹ́ńjìnì àti rédíétọ̀. Bí ẹ́ńjìnì bá tutù, ilẹ̀kùn yìí a máa wà ní títì. Ó di ìgbà tí omi bá gbóná tó nǹkan bí 82 sí 90 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí ṣí. Nítorí náà, ẹni tó bá da omi sínú ọkọ̀ tútù tó sì rí i pé ó kún dé ẹnu, ìhín ilẹ̀kùn ló rí. Afẹ́fẹ́ lè wà ní ọ̀hún ilẹ̀kùn, kí ó jókòó síbẹ̀ bí ọba. Ní ọ̀nà, ilẹ̀kùn yóò ṣí, omi yóò ré lọ sí ọ̀hún, ẹnu rédíétọ̀ yóò sì di òfìfo láìsí ẹni tó mọ̀.

Géèjì tí mo ń yìn ńkọ́? Bàbá ni ó tú àṣírí rẹ̀ fún mi, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin náà gbọ́ ọ dáadáa. Irin kékeré kan tó ń wọn ooru ni ó ń rán géèjì níṣẹ́, inú omi ni irin náà sì gbọ́dọ̀ wà. Bí afẹ́fẹ́ bá gba ibi tó wà, kò sí omi tó kàn án mọ́, bí ẹ́ńjìnì bá sì ń jóná, òun kò ní tètè mọ̀. Ìdí nìyí tí géèjì mi fi rẹlẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tí oruku kàn án ni ó tó ké. Nítorí náà, bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ọ̀nà omi ọkọ̀ ṣe, tí géèjì sì wá rẹlẹ̀ ju bó ti ń ṣe, ẹ má yọ̀. Ẹ dúró, kí ẹ yẹ omi wò.

Ara àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ọkọ̀ ni kò yá láti fi ọ̀ràn yìí pamọ́. Ọkọ̀ tí Karl Benz ará Jámánì gba ìwé àṣẹ lé lórí ní 1886, híhó ni omi rẹ̀ ń hó tó sì ń bá afẹ́fẹ́ lọ, awakọ̀ a sì máa bu omi mìíràn sí i lójú ọ̀nà. Ní nǹkan bí 1900 ni Wilhelm Maybach, ará Jámánì bákan náà, ṣe rédíétọ̀ tó rí bí afárá oyin, tí omi díẹ̀ fi lè ṣe iṣẹ́ púpọ̀. Irú ìyẹn ni bàbá gbogbo èyí tí wọ́n kó sí ọjà wa yìí. Àwọn àgbà nínú yín yóò sì rántí ọkọ̀ Volkswagen tí a ń pè ní Ìjàpá, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tò ní Ọ̀jọ́ ní ìlú Èkó ní 1975. Ìjàpá kò ní rédíétọ̀ rárá, afẹ́fẹ́ ni wọ́n fi ń tu ẹ́ńjìnì rẹ̀ tó wà lẹ́yìn. Ọlọ́gbọ́n ẹranko ni Ìjàpá lóòótọ́.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí Májídùn. Ọkọ̀ tutù, a bu omi sí i, ó sì gba lítà mẹ́rin. Lítà mẹ́rin! Ọkọ̀ kékeré bíi tèmi, nǹkan bí lítà mẹ́fà àti ààbọ̀ ni gbogbo omi inú rẹ̀. Òfìfo ni mo ń wà kiri. Ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́, gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnì ti jóná, orí ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ sì ti tẹ̀ díẹ̀. Wọ́n fi ọkọ̀ mìíràn wọ́ tèmi padà sí Owódé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó fi wà nílẹ̀, owó oṣù méjì sì bá a lọ. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kò dúró dè mí o. Wọ́n ń yọ owó ọkọ̀ lára owó oṣù mi, èmi sì ń tò lórí ìlà BRT láàárọ̀. Ìyàwó mi kò sọ ohunkóhun, èyí sì burú ju kí ó sọ̀rọ̀ lọ.

Nígbà tí a ó tún da omi sí i, àgbà mẹkáníìkì kan nítòsí ilé ẹ̀kọ́ wa ni mo gbé e fún, mo sì dúró tì í láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohun tí mo rí nìyí. Ó kọ́kọ́ wakọ̀ náà sí ibi tí ilẹ̀ ti gòkè, kí imú ọkọ̀ ga ju ìdí lọ, nítorí òkè ni afẹ́fẹ́ ń lọ, ó sì fẹ́ kí ẹnu rédíétọ̀ jẹ́ òkè pátápátá. Ó tan hítà sí gbígbóná kí ọ̀nà rẹ̀ lè ṣí. Ó wá ń rọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Kò sáré. Bí ó bá rọ ọ́ tán, ó ń fi ọwọ́ fún họ́ọ̀sì, a sì ń gbọ́ bùlù, bùlù, bíi ti kèrègbè lójú odò. Nígbà tí kò gbà mọ́, ó tan ẹ́ńjìnì, ìdérí ṣì wà ní ṣíṣí láti ìgbà tí gbogbo rẹ̀ ti tutù, ó sì jẹ́ kí ó máa ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́. Ihò ń yọ lójú omi, omi ń lọ sílẹ̀, òun ń fi kún un. Ó ń fọwọ́ kan họ́ọ̀sì méjèèjì. Òkè gbóná, ìsàlẹ̀ tutù, èyí fi hàn pé ilẹ̀kùn kò tíì ṣí. Nígbà tó yá, ìsàlẹ̀ náà gbóná, omi sì ré lọ sílẹ̀ lójijì. Ó fi kún un, ó dé e, ó fi ìgò ike tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sí ojú ìlà. Ìgbà tí atẹ́gùn gbígbóná jáde dáadáa láti inú hítà ni ó tó ní ó tó. Ó gbà á ju ìdajì wákàtí lọ. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Àwọn ọkọ̀ mìíràn ní nọ́ọ̀tì kékeré lókè họ́ọ̀sì tí a fi ń tú afẹ́fẹ́ jáde. Ẹ bèèrè bóyá tiyín ní in.

Ìgò ike yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ ìwúlò rẹ̀. Ìlà méjì ló wà lára rẹ̀, LOW nísàlẹ̀ àti FULL lókè. Bí ẹ́ńjìnì bá gbóná, omi á wú, èyí tó bá ṣẹ́kù á sá lọ sínú ìgò. Bí ó bá tutù, rédíétọ̀ á tún fà á padà mu. Bí omi inú ìgò bá lọ sílẹ̀ jù, afẹ́fẹ́ ni yóò fà mu, a tún padà síbi tí a ti ń bọ̀. Bí ẹ bá sì kún ìgò dé ọrùn, yóò dà sílẹ̀ lójú ọ̀nà, ẹ ó sì máa pariwo pé ó ń jò. Àárọ̀ kùtùkùtù ni kí ẹ wò ó, kí ẹ tó tan ọkọ̀, lórí ilẹ̀ tó tẹ́. Àwọn ọkọ̀ kan kò ní ìdérí lórí rédíétọ̀, ìgò náà ni ó ní ìdérí tó ń tẹ omi. Ìyẹn náà, ẹ má ṣí i bí ó bá gbóná.

Àwọn mẹkáníìkì kan yóò ní kí ẹ yọ tẹmósítáàtì sọnù, pé ti àwọn òyìnbó tó wà nínú òtútù ni. Mo bẹ̀ yín, ẹ má gbà. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì, bí ó ti ń ṣí ọ̀nà rédíétọ̀ ni ó ń ti ọ̀nà àbùjá kan pa. Bí ẹ bá yọ ọ́, omi gbígbóná lè gba àbùjá padà sínú ẹ́ńjìnì láìdé rédíétọ̀. Wọn a tún ní omi kanga tó, pé kúláǹtì wà fún òtútù nìkan. Kì í jẹ́ kí omi dì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tún ń dènà ìpẹtà, kì í sì jẹ́ kí omi tètè hó. Omi kanga àti ti bohóòlù ní ohun kan nínú tí í dì mọ́ ara irin, bíi funfun tí ẹ ń rí nínú kẹ́tùlù. Ìdajì kúláǹtì àti ìdajì omi tí wọ́n ti sẹ́ mọ́ pátápátá, irú èyí tí a ń bu sí bátìrì, ló dára, àfi bí ó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ti lú láti ilé iṣẹ́. Kí ẹ má sì fi àwọ̀ mọ̀ ọ́n. Omi tí a fi aró kùn náà ní àwọ̀.

Ohun kan ṣì kù, òun ló sì ń bà mí lẹ́rù jù. Kúláǹtì dùn lẹ́nu, májèlé sì ni. Ethylene glycol ni orúkọ ohun tó wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀. Ìbátan rẹ̀, diethylene glycol, ni ó wọ inú oògùn eyín àwọn ọmọdé tí wọ́n ń pè ní My Pikin ní ìparí 2008, àwọn ọmọ tó lé ní ọgọ́rin ló sì kú ní ilẹ̀ wa. Mo ti rí i tí wọ́n ń rọ kúláǹtì tó ṣẹ́kù sínú ìgò Fanta, wọ́n á sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ẹ̀yin òbí, ẹ dákun! Inú ìgò tó bá wá ni kó wà, níbi tí ọwọ́ ọmọ kò ti lè tó o. Èyí tó bá sì dà sílẹ̀, kí ẹ fi omi púpọ̀ ṣàn án, nítorí ajá àti ewúrẹ́ pẹ̀lú a máa lá a.

Bí ó ti rí fún ọkọ̀ mi nìyí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní, ìgò náà ti lọ sílẹ̀ ní ìka méjì, mo fi kún un. Ní ọjọ́ kejì, ó lọ sílẹ̀ ní ìka kan. Àgbà mẹkáníìkì ti sọ fún mi pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí, pé ìyókù afẹ́fẹ́ ni ó ń jáde, ṣùgbọ́n bí ó bá kọjá ọ̀sẹ̀ kan tó sì ń lọ sílẹ̀ síbẹ̀, kí n wá ibi tó ń jò, kí n yẹ epo ẹ́ńjìnì wò bóyá ó ti funfun bí ògì, kí n sì wo èéfín ìdí ọkọ̀. Ní ọjọ́ kẹta, mo jí kí àwọn onírin tó jí, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ó wà lójú ìlà. N kò tíì fi ìkán kan kún un láti ìgbà náà.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, lágbára Ọlọ́run. Ọ̀rọ̀ ìṣirò ni.